Ta ló ń sọ fún ọmọ ogun ara pé "ó tó"? Ọ̀rọ̀ lórí oyún, ibi ọmọ àti ibà

   Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá, tẹ́ ẹ ń fi etí kan gbọ́ mi, tẹ́ ẹ ń fi etí kejì gbọ́ oníbàárà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ máa tajà yín lọ, ọ̀rọ̀ yìí kò ní í dí yín lọ́wọ́.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀ lọ́nà oko, tẹ́ ò yọ ọ́, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀? Ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná, bó bá sì pẹ́, á ṣọyún. Ara ló ń bá àlejò jà. Ẹ̀gún tí kò tó ìka ọmọdé, ara kò gbà fún un. Ó dáa, kí ló dé tí ara kan náà fi ń gba ọmọ inú láàyè fún oṣù mẹ́sàn-án? Ọmọ yẹn, ìdajì rẹ̀ ọ̀dọ̀ bàbá ló ti wá. Lójú ara ìyá, àlejò ni. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń tàpá, ó ń gba gbogbo àyè inú ilé, síbẹ̀ ara kò lé e jáde.

Bí ìdí ọ̀rọ̀ yìí bá yé yín, ìdí tá a fi ń yọ yín lẹ́nu pé kẹ́ ẹ gbé oògùn ibà mì níwájú agbẹ̀bí nígbà tí ohunkóhun kò ṣe yín náà á yé yín. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gba oògùn yẹn, tó ń rẹ́rìn-ín sí wa, tó ń lọ jù ú nù lẹ́yìn ilé ìwòsàn. A mọ̀. A máa ń rí i nílẹ̀ níbẹ̀.

Ara wa ní ọmọ ogun, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń rìn káàkiri. Oríṣiríṣi ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹyọ ìdílé kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, àwọn tí oníṣègùn ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T. Lẹ́tà T yẹn, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wọn ló dúró fún: thymus, ẹran rírọ̀ kan tó wà lẹ́yìn egungun àyà. Ó máa ń tóbi nígbà ọmọdé, bá a bá ṣe ń dàgbà ló ń súnkì. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun yìí ti ń kọ́ bí wọ́n á ṣe dá ará ilé mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Èyí tó bá fẹ́ máa bá ara fúnra rẹ̀ jà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á. Ìdánwò yẹn le gan-an, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í jáde láàyè.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí aláìgbọràn kan kì í ti í gba ìwé ẹ̀rí jáde. Àwọn kan máa ń yọ́ jáde tí wọ́n lè kọjú ìjà sí ìfun wa, sí awọ ara wa, sí ẹ̀dọ̀ wa. Ta ló ń dá wọn lẹ́kun? Ní ọdún 1995, ọkùnrin ará Japan kan tó ń jẹ́ Shimon Sakaguchi fi hàn pé lára àwọn sẹ́ẹ̀lì T yìí kan náà, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ìjà rárá. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé, "Ó tó." Onílàjà ni mo máa pè wọ́n. Bí obìnrin méjì bá ń jà nítorí àyè ìpàtẹ, Ìyálọ́jà kì í gbá ẹnikẹ́ni létí. Á dé, á sọ̀rọ̀, ìjà á rọlẹ̀. Ọjà tí kò bá ní irú ìyá bẹ́ẹ̀, ẹ mọ bó ṣe ń rí.

Wàyí o, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n. Kí ló sọ ọ̀kan di jagunjagun, tó sọ èkejì di onílàjà?

Ẹ fara balẹ̀ síbí, torí ibí ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ara wa ló ní ìwé kan náà lọ́wọ́, ìwé tá a jogún apá kan rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, tá a jogún apá kejì lọ́dọ̀ ìyá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe irun wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe èékánná wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń jà wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pẹ̀tù sí ìjà náà wà nínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan kì í ka gbogbo ìwé yẹn tán. Ojú-ewé tí wọ́n bá ṣí fún un ló ń kà, ohun tó bá kà níbẹ̀ náà ló ń ṣe. Àwọn tó ń ṣí ojú-ewé, tó ń pa òmíràn dé, wọ́n wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀. Facteur de transcription ni wọ́n kọ́ wa láti máa pè wọ́n. Èmi á pè wọ́n ní aṣíwèé. Ẹ má bi mí bóyá ó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Aṣíwèé kan wà tó ń jẹ́ T-bet. Bó bá gba iṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì T, ojú-ewé ìjà ló ń ṣí, irú ìjà tí ara ń bá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ jà. Òmíràn ń jẹ́ GATA3, òun ló ń ṣí ojú-ewé ìjà aràn; bó bá ṣe àṣejù, ara á máa yún èèyàn, èémí á máa há. Ti onílàjà ń jẹ́ FOXP3. Òun ni kẹ́ ẹ mú dání nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Bí FOXP3 bá jókòó dáadáa nínú sẹ́ẹ̀lì, onílàjà ni sẹ́ẹ̀lì yẹn. Bí FOXP3 bá bàjẹ́, kò sí onílàjà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Eku ni. Ní Amẹ́ríkà, irú eku kan wà tí àwọn akọ rẹ̀ máa ń ṣàìsàn kété tí wọ́n bá bí wọn, awọ ara wọn á máa bó, wọn kì í sì í pẹ́ kú. Mary Brunkow àti Fred Ramsdell wá a títí, wọ́n rí i ní ọdún 2001 pé àṣìṣe kékeré kan nínú ojú-ewé FOXP3 ló ń pa wọ́n. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àwọn ọmọ ọwọ́ ọkùnrin kan wà láyé tó ní irú àṣìṣe kan náà. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n bí i, àtọ̀gbẹ á mú un ní kékeré, ara á máa bó. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló ń pa á. Orúkọ àìsàn náà ni IPEX. Ìyá lè gbé àṣìṣe náà lára láìṣàìsàn, kó máa bí ọmọbìnrin tí ara wọn le, kí ọmọkùnrin máa kú. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí wọ́n máa ń sọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ sì mọ orúkọ tí wọ́n máa ń pe ìyá wọn lẹ́yìn.

Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ IPEX lọ́kàn o. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àrùn ẹ̀jẹ̀ SS ló ń pa ọmọ wa ju gbogbo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí bí iṣẹ́ onílàjà ti ṣe pàtàkì tó. Ní oṣù October ọdún 2025, wọ́n fún Sakaguchi, Brunkow àti Ramsdell, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn nítorí iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí inú ìyá. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, àwọn onílàjà máa ń pọ̀ sí i lára rẹ̀, wọ́n á sì kóra jọ sí ibi tí ọmọ wà. Wọ́n á máa sọ fún àwọn jagunjagun pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, tiwa ni." Kò tán síbẹ̀. Ọmọ inú náà ní láti fara da ìyá rẹ̀, torí ìdajì tó wá láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ tàbí bàbá ìyá rẹ̀, tí kò jogún, àjèjì nìyẹn fún òun náà. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí ní San Francisco rí i pé sẹ́ẹ̀lì ìyá máa ń kọjá sínú ara ọmọ inú, pé ọmọ náà sì máa ń dá onílàjà tirẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn jagunjagun rẹ̀ má bàa bá ti ìyá jà. Àdéhùn àlàáfíà ni, ìyá tọwọ́ bọ̀ ọ́, ọmọ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tí ọmọ bá pàdé nínú ikùn, ara rẹ̀ máa ń fẹ́ kà á sí ará ilé.

Ibà wá mọ ilé yìí.

Kòkòrò ibà tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, falciparum, ó ní ọgbọ́n kan. Àwa tá a dàgbà síbí, ẹ̀fọn ti jẹ wá láti kékeré, àwọn ọmọ ogun wa mọ kòkòrò yẹn, ìdí nìyẹn tí ibà kì í fi í dá àgbàlagbà wólẹ̀ bíi ti ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá lóyún, kòkòrò náà á pààrọ̀ aṣọ. Á wọ aṣọ tó lè fi lẹ̀ mọ́ ibi ọmọ, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń rọra ṣàn. Ara obìnrin tó ń lóyún fún ìgbà àkọ́kọ́ kò tíì rí aṣọ yẹn rí. Torí náà ni oyún àkọ́kọ́ fi léwu jù. Nínú oyún kejì, ẹ̀kẹta, ara á ti máa dá aṣọ yẹn mọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kì í pariwo. Kòkòrò á kóra jọ sínú ibi ọmọ, ìyá á máa lọ sọ́jà, á máa gun kẹ̀kẹ́ zem, ara rẹ̀ kò gbóná, orí kò fọ́ ọ. A gún un ní ìka, a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, a lè máà rí nǹkan kan, torí kì í ṣe ìka ni kòkòrò náà wà. Nígbà tó bá bímọ tán ni ìwọ̀n á sọ̀rọ̀: ọmọ kéré, kò tó kílò méjì àti ààbọ̀. Ìyá funfun lójú, kò lẹ́jẹ̀. Nígbà mìíràn ọmọ kì í dé láàyè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ aṣíwèé ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ẹ̀fọ́rí ìyá nìkan kọ́ ni ibà inú ibi ọmọ. Èérún kòkòrò náà máa ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, nígbà mìíràn kòkòrò náà fúnra rẹ̀ á kọjá. Ọmọ yẹn ṣì wà ní àkókò tí ara rẹ̀ ń ka ohun tó bá pàdé sí ará ilé. Àwọn tó yẹ ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ wò ní oríṣiríṣi ibi nílẹ̀ Áfíríkà rí i pé lára àwọn ọmọ kan tí ibà wà nínú ibi wọn, àwọn onílàjà tó ní FOXP3 pọ̀ sí i, àwọn jagunjagun wọn sì lọ́ra bí wọ́n bá fi kòkòrò ibà hàn wọ́n. Kì í ṣe gbogbo ọmọ. Òmíràn wà tí jagunjagun tirẹ̀ á ti jí sílẹ̀ láti inú. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó fẹ́ ta tẹ́tẹ́ lórí èwo nínú méjèèjì ni tòun máa jẹ́?

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni mo ń sọ. Ní Tori-Bossito, lọ́nà Allada níhìn-ín, àwọn olùwádìí láti Bénin àti láti ilé iṣẹ́ ìwádìí IRD ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọ tuntun ní ọdún 2007. Àwọn ọmọ náà lé ní 600. Wọ́n yẹ ibi wọn wò lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi pé oṣù méjìdínlógún. Wọ́n tilẹ̀ ń mú ẹ̀fọn lábúlé, wọ́n ń kà á, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ilé ọmọ kan ló kàn sún mọ́ àbàtà. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọ tí kòkòrò ibà wà nínú ibi wọn máa ń tètè ní ibà ìbẹ̀rẹ̀ wọn ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ọmọ náà kò tíì mọ ẹ̀fọn, ibà ti mọ̀ ọ́n.

Kí n tó dé ibi oògùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó dùn mọ́ mi. Gbogbo wa mọ àwọn ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà fún wa. Ní Burkina Faso, lẹ́bàá Ouagadougou, àwọn abúlé kan wà tí Fúlàní ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Mossi àti Rimaïbé. Ẹ̀fọn kan náà ló ń jẹ gbogbo wọn. Ní ọdún 1996, àwọn olùwádìí ará Ítálì àti ti Burkina kọ ọ́ jáde pé ibà kì í ṣe Fúlàní tó bó ṣe ń ṣe àwọn aládùúgbò wọn. Wọ́n wá ìdí, wọ́n wá a. Ní ọdún 2008 wọ́n yẹ àwọn onílàjà wò, wọ́n rí i pé ti àwọn Fúlàní kò lágbára tó ti Mossi, FOXP3 wọn kò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn jagunjagun wọn lómìnira láti kọlu ibà. Ẹ máà tíì jowú wọn o. Ọlọ inú wọn máa ń tóbi ju ti àwọn yòókù lọ, ìjà tó ń lọ nínú ara kò rọrùn fún ara. Ibà sì ń ṣe wọ́n náà, àwọn náà nílò àwọ̀n ẹ̀fọn.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni àwọn tó ń gbé gbohùngbohùn kiri ọjà, tí wọ́n ń ta ìgò àti ìyẹ̀fun tó "ń fún ọmọ ogun ara lágbára". Bí ẹnikẹ́ni bá tún dúró níwájú ìpàtẹ yín, ẹ bi í pé: ọmọ ogun wo? Jagunjagun ni àbí onílàjà? Bó bá jẹ́ jagunjagun, tó sì jẹ́ aláboyún ló ń tà á fún, ta ló máa dáàbò bo ọmọ inú? Mi ò tíì rí ọ̀kan nínú wọn tó lè dáhùn. Kì í ṣe pé kí ogun pọ̀ ni ìlera. Kí oníkálukú ṣiṣẹ́ rẹ̀ lásìkò ni. Kò sí ìgò kankan tó lè ṣètò yẹn fún yín.

Ohun tá a lè ṣe ni pé ká má jẹ́ kí ibà wọ ibi ọmọ rárá, ká má jẹ́ kí àwọn onílàjà ọmọ kà á sí ará ilé. Oògùn tá à ń fún yín nìyẹn, SP, tí àwọn àgbà nínú yín mọ̀ sí Fansidar. Hóró mẹ́ta ni, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ ó gbé e mì, níwájú wa. Bẹ́ ẹ ti jẹun o, bẹ́ ò tíì jẹun o, kò burú. A kì í fúnni kí oyún tó wọ oṣù kẹrin. Láti oṣù kẹrin, a lè fún yín nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá wá, níwọ̀n ìgbà tó bá ti pé oṣù kan sí èyí tẹ́ ẹ lò kẹ́yìn, títí dé ìgbà ìbímọ. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ó máa ń pa kòkòrò tó ti wọlé, á sì ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà agbára rẹ̀ á tán. Ìdí nìyẹn tá a fi ń pè yín padà.

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹni tí oògùn súlúfà kì í bá lára mu, kó sọ. Ẹni tó ń lo cotrimoxazole, tí wọ́n tún ń pè ní Bactrim, nítorí kòkòrò HIV, kò gbọ́dọ̀ lo SP pẹ̀lú rẹ̀. Bactrim yẹn náà ń ṣọ́ ibà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún agbẹ̀bí, kò ní í sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ yín. Ẹ tún wo oògùn folic acid tẹ́ ẹ ń lò: èyí kékeré tá à ń fúnni ní ilé ìwòsàn dára, ṣùgbọ́n hóró ńlá ti mílígíráàmù 5 tí wọ́n ń tà ní ọjà máa ń ba iṣẹ́ SP jẹ́. Bẹ́ ẹ bá bì í lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbé e mì, ẹ máà lọ sílé láìsọ fún wa.

Àwọ̀n ẹ̀fọn ńkọ́? Aláboyún ni kó sùn sábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ewébẹ̀, kì í ṣe òròmọdìyẹ. Mo ti rí méjèèjì lábẹ́ àwọ̀n tuntun.

Fún ọmọ tó ti wà níta, àjẹsára ibà ti dé. Ọjọ́ 25 oṣù April ọdún 2024 ni Bénin bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n máa ń gún un, ìgbà tí ọmọ bá wà ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ti ìgbẹ̀yìn á bọ́ sí ìgbà tó bá ti ń rìn, tí ọ̀pọ̀ ìyá ti gbàgbé. Ẹ máà gbàgbé. Jagunjagun ni àjẹsára yẹn ń jí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í sì í jí wọn tán.

Mo mọ ohun tí ẹ máa bi mí, torí wọ́n ti bi mí: bí ọjọ́ ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ń yẹ aláboyún wò ńkọ́? Ẹ wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ sọ pé ọjà lẹ lọ, kí wọ́n wo carnet yín, kí wọ́n fún yín ní SP yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ iṣẹ́ tàbí ìyàwó ọmọ tó ń gbé oyún àkọ́kọ́ nídìí ọjà yín, ẹ bá mi bi í lónìí, kẹ́ ẹ tó palẹ̀ mọ́, pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti lò ó. Bó bá ní òun kò tíì lò ó, tí oyún sì ti lé ní oṣù mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó lọ lọ́la.